Orin Tó Parẹ́ Nínú Ìda

Abẹ́ ẹní Aveline, akẹ́kọ̀ọ́ kan nílé àwọn arábìnrin, ni wọ́n ti bá pátákó ìda náà, irú èyí tí wọ́n ń fi gègé irin kọ̀wé sí, ó sì mọ́ fo bí àwo tí ajá lá. Kò sí lẹ́tà kan lára rẹ̀, kò sí ìlà kan. Orin ìkẹyìn tí Ìyá Tiburge, Ìyá Ilé wọn, kọ, orin tí gbogbo ilé ti ń retí láti ìgbà ìkórè, ti lọ pátápátá.

Guiburc, igbákejì Ìyá Ilé, gbé pátákó náà sókè nínú yàrá ìpàdé kí gbogbo àwọn arábìnrin lè rí i. Obìnrin gíga ni Guiburc, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ kì í sì í mì. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó ń mì.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ wo ohun tí ọmọ tí a fún ní oúnjẹ, tí a fún ní ìwé, fi san án fún wa."

Kùrukùru ti gun orí odò Loire wọ inú ọgbà, ó gba ojú fèrèsé wọlé, débi pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń wo àwọn tó wà níwájú bí ẹni ń wo èèyàn lójú àlá. Ẹ̀yìn pátápátá ni Ìyá Hersende jókòó sí. Òun ni olórí akọrin ilé náà, òun náà ló ń tọ́jú ìwé, torí nílé wọn, ẹni tó bá ni orin ló ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Orí rẹ̀ ṣì fẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀ ń rọra fì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sanra, orúnkún ń dùn ún, ó sì fẹ́ràn àwàdà ju bó ṣe yẹ obìnrin Ọlọ́run lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú yẹpẹrẹ wò ó, fúnra ẹni náà ló máa kàbámọ̀. Òun ló mọ ẹni tó ń bu omi sí wáìnì ilé nígbà kan, kò sì kúrò lórí àga tó fi mọ̀ ọ́n.

Ìwé Ìyá Tiburge kì í ṣe ìwé kékeré. Nínú rẹ̀, ẹnì kan sùn lọ nínú ọkọ̀ tí kò ní àjẹ̀; nígbà tó lajú lójú àlá, obìnrin kan jókòó sí ìdí ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ ni Ìrántí. Àwọn méjèèjì wá ń jiyàn: bí ènìyàn bá gbàgbé ohun gbogbo, kí ló kù lára rẹ̀? Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán jiyàn títí. Tó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ò lè kọjá mọ́, Ìrántí á dákẹ́, á wá fi orin bọnu. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé orin, orin tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ní èdè Látìn tó dùn létí bí omi ìsun. "Ọ̀rọ̀ la fi ń jà," Ìyá Tiburge máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, "orin la fi ń parí ìjà." Orin kan ṣoṣo ló kù kí ìwé parí. Ọjọ́ tí ó kọ ọ́ tán ni ó ṣubú lulẹ̀ nínú yàrá ìkọ̀wé. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn lọ.

"Àná ni Ọlọ́run là á lóhùn," Guiburc ń bọ́rọ̀ lọ. "Mo lọ bá a lórí ibùsùn. Mo ní, 'Ìyá, ṣé Aveline ló pa orin yín rẹ́?' Ó wò mí lójú, ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Mo tún bi í. Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Arábìnrin Basilia wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ."

Basilia, adàwékọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àtùpà, mi orí láìgbé ojú sókè.

"Nítorí náà, mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olúwa Joscelin ti wà létí odò pẹ̀lú ọkọ̀. Bí agogo ọ̀sán bá lù, ó ń mú un lọ."

Gbogbo yàrá ló mọ ibi tí ó ń mú un lọ. Ó ti pẹ́ tí Joscelin ti ń wá bí yóò ṣe fi àbúrò rẹ̀ fún oníyọ̀ kan ní ìlú Saumur, bàbá arúgbó tó ti sin ìyàwó mẹ́ta. Ìyá Tiburge ló dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, tó ní ọmọ tó gbọ́ Látìn báyìí kì í ṣe ọjà. Ní báyìí, ẹnu tó gbà á sílẹ̀ nígbà náà ló tún dá a lẹ́bi.

Aveline dúró láàárín, ó ká ọwọ́ sínú apá aṣọ. Kò sunkún. Kò sì sọ pé òun kọ́.

Hersende na ọwọ́. "Ìyá Guiburc, ẹ jọ̀ọ́, ibà ti di etí mi díẹ̀. Ta ló rí i nígbà tó ń pa á rẹ́?"

"Kò sí."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Ìlara ni. Ó fẹ́ kí ìwé náà kù láìparí, kí òun fi orin tirẹ̀ parí rẹ̀."

"Ó ti kọ tirẹ̀?"

"Rárá, ṣùgbọ́n—"

"Áà. Olè tó jí ìkòkò tí kò tíì wá ohun tó máa sè." Àwọn kan rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòjú. "Ẹ yá mi ní pátákó yẹn, kí ẹ sì yá mi ní àárọ̀ yìí. Tí agogo bá lù tí n ò rí nǹkan kan, èmi náà á bá yín tì í wọ ọkọ̀."

Guiburc na pátákó náà sí i. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn Tiburge ju Guiburc lọ nínú ilé yẹn, ó hàn lójú rẹ̀ tó ti wú. "Títí agogo ọ̀sán," ó ní.

*

Yàrá tí wọ́n ń kó èso ápù sí fún ìgbà òtútù ni wọ́n ti Aveline mọ́. Òórùn dídùn gba ibẹ̀ kan, òórùn tó ń mú oorun wá. Hersende jókòó sórí àpótí, ó mú ápù kan, ó nù ún sára aṣọ.

"Ìyá, ẹ má dara yín láàmú nítorí mi."

"Ìwọ ọmọ yìí, ibà ò pa mí, ìwọ wá fẹ́ fi ìtẹríba pa mí. Jókòó. Ta ló kọ orin náà sórí ìda?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Gbogbo ìwé yòókù, wọ́n ń pè é, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìkẹyìn yìí, wọ́n ní ọwọ́ ara àwọn ni. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ kọ ọ́ lórin sí mi létí ní àjọ̀dún Lúsíà Mímọ́."

"O ò rí i rí?"

"N ò rí i rí, Ìyá."

"Níbo lo ti wá rí pátákó?"

"Lára wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣubú, Ìyá Guiburc ní kí n wẹ̀ wọ́n. Mo bọ́ aṣọ wọn. Pátákó náà wà níbi tó máa ń wà nígbà òtútù, lára ìgbànú wọn, lábẹ́ aṣọ òkè, kí ìda má bàa gan. Ẹ mọ̀ pé ìda tó gan kì í gba gègé." Ó fọwọ́ kan ìgbànú tirẹ̀. "Mo ṣí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"O wá gbé e lọ sábẹ́ ẹní bí olè. Kí ló ṣe ọ́?"

Aveline wo ilẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀.

"Mo rò pé àwọn ló pa á rẹ́ fúnra wọn. Mo rò pé orin náà kọ̀, kò wá, ìbànújẹ́ rẹ̀ ló sì gbé wọn ṣubú. Ìyá, wọ́n ti fi ìwé yẹn darúgbó! Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ọgbọ́n wọn tán lójú ọ̀nà. Kí wọ́n pè mí lólè sàn fún mi ju kí wọ́n fi Ìyá Tiburge ṣe yẹ̀yẹ́ lọ."

Hersende ò jẹ ápù mọ́. Omi lé sí i lójú, ó sì bínú sí omi náà.

"Orí rẹ ò pé," ó ní. "Ọmọ yìí, orí rẹ ò pé rárá. O fẹ́ lọ kú sílé oníyọ̀ nítorí orin!"

"Wọ́n ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Tí àwọn bá ní èmi ni, kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

*

Ẹni tó kàn ni Basilia. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ nígbà tí Basilia wí lójú gbogbo ayé pé ìwé tí obìnrin inú àlá ti ń kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n, tí kì í sì í ṣe Màríà Wúńdíá, iná ló yẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá máa nu orin kúrò lórí ìda, Hersende ronú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú báyìí ni.

Ó bá a nídìí ìwé nínú yàrá ìkọ̀wé, ìyẹ́ ẹyẹ tó fi ń kọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ dúdú fún tàdáwà.

"Basilia, ọ̀rẹ́ mi."

"Èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín nígbà tí ẹ bá rẹ́rìn-ín báyẹn."

"Lọ́jọ́ tí Tiburge ṣubú, ilé ìdáná lo yẹ kí o wà. Kí lo wá ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìí?"

Ìyẹ́ náà dúró. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀wà alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó jóná débi pé a fi ṣíbí ha á. Àwo ẹ̀wà yẹn ni mo jẹ kẹ́yìn kí ibà tó gbé mi, n ò sì tíì gbà pé ibà lásán ni. Aláṣejù bíi tìrẹ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jóná bí ó bá wà nídìí rẹ̀. Ìwọ náà lo sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Tiburge nígbà tó ṣubú. Láti ilé ìdáná? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

Ojú Basilia pọ́n, etí rẹ̀ pọ́n. Hersende dúró de irọ́, ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n omijé ló jáde.

"Mo ń gbọ́ orin ni," Basilia wí. "Ó ti tó? Mo ti ní kí wọ́n ju ìwé náà síná, mo sì ń wá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ kí n lè gbọ́ ọ. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"N ò rẹ́rìn-ín. Kí lo gbọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó ń kùn ún nímú. Ohùn tuntun. Á kùn ún díẹ̀, á dákẹ́, màá gbọ́ gègé lórí ìda, á tún kùn. Nígbà tó yá, ó kùn ún láti òkè délẹ̀ láìdúró, ó wá rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo gbọ́ nígbà tó pa pátákó dé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró nǹkan tó wó."

"Aveline ńkọ́?"

"Ó wà lódò lọ́dọ̀ àwọn alágbàfọ̀. Kò sí níbẹ̀."

"O mọ̀, o sì dákẹ́ nínú ìpàdé! Basilia!"

"Kí ni ǹ bá sọ? Pé ibo ni mo wà? Ìyá Tiburge fúnra rẹ̀ sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bóyá ọjọ́ kejì, nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́, ni ó pa á rẹ́." Ó fi apá aṣọ nu imú. "Mo ti dẹ́ṣẹ̀, mo mọ̀."

Hersende jókòó tì í, ó ń rò ó. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, tó pa pátákó dé, orin rẹ̀ ti jáde, ó sì dùn mọ́ ọn. Èyí já àròsọ Aveline ní koro: Tiburge kọ́ ló pa á rẹ́. Ó já ìfura tí òun ní sí Basilia náà, torí ẹni tó bá ń sunkún orin kì í fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún. Àárín ìgbà tí Tiburge pa pátákó dé àti ìgbà tí Aveline ṣí i lórin náà ti lọ, ara Tiburge ni pátákó sì wà ní gbogbo ìgbà náà.

"Ṣé o ṣì rántí ohùn rẹ̀?"

"Ó ń jí mi lójú oorun," Basilia wí.

*

Ilé aláìsàn dákẹ́ bí ìsàlẹ̀ omi. Kùrukùru ti bo fèrèsé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé sì funfun, kò ní òjìji. Ìyá Tiburge dùbúlẹ̀ sórí ìrọ̀rí gíga, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ nìkan ló wà láàyè bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Tiburge mi," Hersende wí, "èmi rèé. Wọ́n ní ibà ló mú mi, ẹ̀wà Basilia ni. Ṣé ara ń bọ̀ sípò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o fẹ́ omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó gbé omi sí i lẹ́nu. Tiburge yí ojú kúrò, kò mu ún. Hersende gbé ife náà dúró lọ́wọ́. Ó tẹ̀ sí ìtòsí.

"Tiburge, ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ìwọ lo bí ọba ilẹ̀ Faransé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Tiburge wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ó ń mi orí pé rárá, rárá, ṣùgbọ́n ẹnu ń sọ ohun tó wù ú. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni."

Háà! Hersende di ọwọ́ rẹ̀ òsì mú. Obìnrin tó ní ọ̀rọ̀ tó ilé ìṣúra, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àìsàn fi sílẹ̀ fún un, òun sì ni wọ́n fi dá ọmọ tó fẹ́ràn jù lẹ́bi. Tiburge ti gbọ́ nígbà tí ẹnu ara rẹ̀ ń ṣe é. Kò lè pè é padà.

Ó wá ṣí pátákó náà sórí itan. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, awọ so wọ́n pọ̀, ìda aláwọ̀ ewé wà nínú ikùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ìdí gègé pa ìda rẹ́, ipa irin á hàn lára rẹ̀ lọ síwá lọ sẹ́yìn, gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ̀ ọ́n. Èyí ò ní ipa kankan. Ó nípọn lápá kan bí ọ̀rá tó dì sétí ìkòkò, ó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì débi pé igi ń yọ. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe báyẹn.

Ó lọ tú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. A dúpẹ́ pé wọn ò ní fọ aṣọ mọ́ títí Kérésìmesì. Ó rí aṣọ tí Tiburge wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó tẹ́ ẹ síbi ìmọ́lẹ̀. Ní ìbàdí òsì, àbàwọ́n aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀, ó le, ó ń dán.

Ó mú aṣọ náà, ó tún jókòó lẹ́bàá ibùsùn kí ara lè sinmi díẹ̀. Ibà ò tíì lọ tán. Oorun gbé e láìtọrọ ààyè, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò ní àjẹ̀. Omi funfun, òkè funfun. Obìnrin kan jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó bo orí. "Ìyá," Hersende wí fún un, "mo ti mọ bí orin ṣe lọ. Báwo ló ṣe ń padà?" Obìnrin náà la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó tún la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin Sáàmù.

Hersende lajú. Sáàmù náà ò dúró. Láti ilé ìsìn lódì kejì ọgbà ló ti ń bọ̀, àwọn arábìnrin ń kọ ti ìyálẹ̀ta, kùrukùru ti sọ ọ́ di ohùn jíjìn réré. Ṣùgbọ́n ohùn kan wà nítòsí, ohùn tó ti gbó, tó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Hersende wo àyíká. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá.

Ó wo ibùsùn. Ó dìde, ó gbàgbé orúnkún, ó sì sáré.

*

Agogo ọ̀sán ń lù nígbà tó kó gbogbo wọn jọ sí ẹsẹ̀ ibùsùn: Guiburc, Basilia, Aveline nínú aṣọ ìrìnàjò. Joscelin náà wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe kíá," ó ní. "Odò ń kún."

"Odò ti ń kún kí wọ́n tó bí ọ, ọmọ mi. Fara balẹ̀." Hersende yíjú sí ibùsùn. "Tiburge, ṣé Póòpù ni ọkùnrin yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé Guiburc ló dá ayé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Guiburc fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀rí tí ẹ fi dá ọmọ lẹ́bi nìyẹn," Hersende wí. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí ibùsùn, ó fi pátákó lé e. "Ìda yìí yọ́ ni. Ó yọ́ lára Tiburge, ó sì ṣàn sí ìbàdí aṣọ tó wọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Aveline bọ́ aṣọ yẹn. Orin ti lọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Ohun tó kù ni pé, láàárín òtútù báyìí, kí ló yọ́ ìda? Ìyá Guiburc, nígbà tí ẹ gbé e wá síbí lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣé ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀?"

"Rárá," Guiburc wí. "Ẹ̀rù bà wá. A rò pé ó máa kú sí wa lọ́wọ́. Ara rẹ̀ tutù bí omi odò. Mo sáré lọ sídìí iná, mo gbé…" Ó dúró. Gbogbo wọn rí i nígbà tí ó yé e. "Mo gbé òkúta gbígbóná. Mo fi aṣọ wé e. Mo tẹ́ ẹ sí ìhà rẹ̀. Apá òsì, torí apá òsì ló ṣì ń gbọ́ nǹkan. Gbogbo òru ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀."

"Lórí pátákó."

"Lórí pátákó." Guiburc jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé, ọwọ́ ńlá méjèèjì sórí itan. "Èmi ni. Èmi ni mo pa orin rẹ̀ rẹ́. Mo sì fẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹ gba ẹ̀mí rẹ̀ là," Hersende wí. "Láìsí òkúta yẹn, òkú là bá máa ṣọ̀fọ̀."

"Ṣùgbọ́n orin náà ti lọ!" Guiburc kígbe. "Ta ló máa dá a padà? Ìda ti yọ́, ẹnu ti kú!"

Joscelin di apá Aveline mú. "Ẹ parí ẹkún yín. Ọmọ yìí gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ pamọ́, abẹ́ ẹní rẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ìṣẹ́jú kan," Hersende wí. "Ìyá Guiburc, nínú ìwé Tiburge, tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu Ìrántí, kí ló máa ń ṣe?"

Guiburc gbé ojú sókè. "Ó máa ń kọrin," ó ní.

"Basilia, bọ́ síwájú. Ohun tí o gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kùn ún fún wa."

Basilia wo gbogbo wọn, ìtìjú mú un dé ọrùn. Ó di ojú. Ó pa ẹnu dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn ún, ohùn kan tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ tó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀, bí ọkọ̀ tí omi ń gbé lọ. Ó kùn ún dé ìdajì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí, Hersende sì bá a kùn ún.

Ètè Ìyá Tiburge mì. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára wọn, ó ń wo ibì kan nínú ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn. Lẹ́yìn náà, ohùn jáde, ó há, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dá ṣáká:

*Má bi mí léèrè mọ́, ọmọ ojú omi,*
*gbogbo èsì mi ti bá odò lọ.*
*Ohun tí o mọ̀, o ó gbàgbé rẹ̀;*
*ohun tí o gbàgbé, n ò ní sọ ọ́ nù.*
*Bí ahọ́n bá di òkúta sí ọ lẹ́nu,*
*tí orúkọ ẹni tí o fẹ́ràn kọ̀ tí kò wá,*
*gbé ohùn sókè, kọrin sí mi:*
*mo wà ní ìdí ọkọ̀, mo ń gbè é.*

Nígbà tó dé ìlà kejì, Aveline ti já apá rẹ̀ gbà. Ó ti ṣí pátákó náà sórí itan, ó ti fa gègé yọ lára ìgbànú ara rẹ̀, ó ń kọ, omijé ń bọ́ sórí ìda, ó ń fi ọwọ́ nù ún kúrò, ó ń kọ. Ìda náà gbà á dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa sí àṣìṣe, lẹ́ẹ̀kejì gbogbo wọn ló ń gbè é.

Guiburc dìde, ó nu ojú. Ohùn rẹ̀ ò mì mọ́. "Olúwa Joscelin, odò ń kún, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wa kí oníyọ̀."

"Ìyá, ẹ ti ṣèlérí—"

"Mo ti ṣàṣìṣe. Ọ̀nà nìyẹn."

Ó lọ. Wọ́n gbọ́ bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí kùrukùru fi gbé e mì. Guiburc wá lọ síbi ibùsùn, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì Tiburge, ọwọ́ tó fi òkúta mú móoru ní gbogbo òru náà.

"Ìyá," ó ní, "mo pa orin yín rẹ́, mo fẹ́ lé ọmọ yín. Ṣé ẹ lè dárí jì mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Tiburge wí.

Guiburc gbé ojú sókè sí Hersende, ẹ̀rù ń bà á, ó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú pé kó dán an wò, kó bi í ní ìbéèrè bíi ti Póòpù, kí òun lè mọ̀. Hersende ò bi í. Ọwọ́ òsì Tiburge ti wà lórí Guiburc, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó sì ń kun orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀.